‘Sá’ Ni Tàbí ‘Ṣá’? Ọ̀rọ̀ Lórí Ìró Tí Ń Dún Nínú Íápíìsì

Bí ènìyàn bá ki íápíìsì tí ó dára bọ etí ní òru, nígbà tí gbogbo ilé ti sùn, tí ó sì tan ẹ̀rọ tí ó fẹ́ fi gbọ́ nǹkan, ìró kan wà tí yóò gbọ́ kí orin tàbí ọ̀rọ̀ kankan tó bẹ̀rẹ̀. Ìró náà kì í le. Ó ń dún ṣììì, bí òjò wínníwínní tí ń rọ̀ sórí páànù ilé kejì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni kì í kà á sí. Àwọn mìíràn a ní ayédèrú ni íápíìsì náà, wọn a sì gbé e padà fún ẹni tí ó tà á fún wọn. Ẹni tí ó tà á kò sì jẹ̀bi. Íápíìsì tí kò mú dáadáa kì í jẹ́ kí a gbọ́ ìró yìí. Èyí tí ó mú jù ni ó ń tú àṣírí rẹ̀.

Olùkọ́ èdè Yorùbá lè béèrè pé kí ni ó kan òun nínú ọ̀rọ̀ àwọn atúnrédíòṣe. Ó kàn án púpọ̀. Lítíréṣọ̀ alohùn wa tí a ti gbà sílẹ̀ ṣùgbọ́n tí a kò tí ì dà kọ sínú ìwé kò kéré. Inú kásẹ́ẹ̀tì ni ó wà, lábẹ́ ibùsùn àti nínú àpótí. Ẹni tí yóò bá dà á kọ, etí ni yóò lò. Ohun tí ìró ṣììì yìí sì ń bò mọ́lẹ̀ nínú èdè wa kì í ṣe ohun tí a máa ń bẹ̀rù. Àmì ohùn ni ọkàn gbogbo wa máa ń lọ sí, ṣùgbọ́n àmì ohùn kì í tètè sọnù. Tán-án-ná ni ó ń gbé e jáde, tán-án-ná obìnrin a sì máa gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 200 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Hertz 200. Kódà ọ̀nà tẹlifóònù àtijọ́, tí kì í gbé ju Hertz 300 sí 3400 lọ, kò dí Yorùbá lọ́wọ́ láti gbọ́ ìyàtọ̀ ọkọ́ àti ọkọ̀, nítorí pé etí a máa fi ìyókù ohùn náà mọ èyí tí kò dé. Àwọn tí ìyà ń jẹ ni kọ́ńsónáǹtì àfúnnupè: f, s, ṣ. Àwọn wọ̀nyí fúnra wọn, afẹ́fẹ́ ṣììì lásán ni wọ́n. S afèrìgìpè ń dún jù láti Hertz 4000 lọ sókè. Ṣ afàjàfèrìgìpè rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i. Bí ìró ṣììì mìíràn bá ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó dé, ńṣe ni ó dà bí ìgbà tí a da omi sínú omi.

Ọ̀dọ́bìnrin kan ní Abẹ́òkúta ni ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí. Kásẹ́ẹ̀tì kan wà ní ilé wọn tí wọ́n gba ohùn ìyá àgbà wọn sí ní ọdún díẹ̀ kí màmá náà tó papò dà. Oríkì ilé ni ó ń kì nínú rẹ̀, ó sì kan bàbá ńlá wọn kan tí ó wà láyé nígbà tí ogun Dàhòmì dé Abẹ́òkúta ní 1851. Nígbà ìsìnkú, àwọn ẹbí tẹ ìdajì ojú ìwé lára oríkì náà sínú ìwé ètò ìsìnkú, ibẹ̀ ni wọ́n sì kọ ọ́ sí pé bàbá náà ‘ṣá’ ọ̀tá. Gbogbo ilé ni inú wọn dùn sí i. Ọ̀dọ́bìnrin yìí nìkan ni ó rò ó pé ìlà tí ó tẹ̀lé e sọ pé bàbá náà ti délé kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tó dé. Ẹni tí ó bá ń ṣá ọ̀tá, kí ni ó ń yára wá ṣe nílé? Ṣé kì í ṣe ‘sá’ ni màmá wí? Oríkì kì í tan ẹni tí a ń kì. A máa ka àbùkù mọ́ iyì, ìdílé a sì máa gbé méjèèjì rù. Ṣùgbọ́n ẹni tí yóò yí ohun tí àgbà ti tẹ̀ jáde padà gbọ́dọ̀ lè sọ bí ó ṣe mọ̀.

Ó wá ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì kan, ó gba ohùn náà sínú kọ̀ǹpútà alágbèéká rẹ̀, ó sì yá íápíìsì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, onílù ṣọ́ọ̀ṣì. Irú íápíìsì yìí ni àwọn akọrin àti onílù ń kì bọ etí lórí pèpéle kí wọ́n lè gbọ́ ara wọn láàárín ariwo. Àwọn onílù ti wà nídìí rẹ̀ tipẹ́: Alex Van Halen, onílù ẹgbẹ́ Van Halen ní Amẹ́ríkà, ni Jerry Harvey ṣe irú rẹ̀ fún kí ilé-iṣẹ́ Ultimate Ears tó bẹ̀rẹ̀ ní 1995. Ohun tí ó wà nínú ọ̀pọ̀ wọn kì í ṣe fáànù gbẹ̀du-gbẹ̀du bí ti sípíkà. Ọ̀pá irin tín-ín-rín kan ni, tí a gbé sáàárín òòfà, tí ó ń mi awọ kékeré kan. Inú ẹ̀rọ ìgbọ́ràn àwọn tí etí wọn kò jí pépé ni a ti mú un wá. Bátìrì ẹ̀rọ ìgbọ́ràn kò ju hóró àgbàdo lọ, nítorí náà ohun tí yóò máa fi iná rẹ̀ sọ̀rọ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀jẹun. Èyí ni ó fà á tí íápíìsì wọ̀nyí fi mú tó bẹ́ẹ̀: iná díẹ̀ kíún ni wọ́n ń fẹ́ kí wọ́n tó ké.

Nígbà tí ọ̀dọ́bìnrin náà kì í bọ etí ní òru, ṣììì ni ó kọ́kọ́ pàdé. Ó dá kásẹ́ẹ̀tì lẹ́bi, bí ẹnikẹ́ni yóò ti ṣe. Kásẹ́ẹ̀tì pẹ̀lú kò sì mọ́ nínú ọ̀ràn náà. Láti 1963 tí Philips ti gbé e jáde ni ó ti ń dún ṣììì, nítorí pé ìyẹ̀fun irin ni ó wà lára téèpù rẹ̀, hóró ìyẹ̀fun náà kò sì lè dọ́gba. Ìdí nìyí tí Ray Dolby fi ṣe ọgbọ́n tí ó ń dín in kù, tí ó sì dé ẹ̀rọ inú ilé ní 1968. Ṣùgbọ́n ṣììì méjì ni ó wà níbẹ̀. Ọ̀nà tí a fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀ kò ju pé kí a dá ohùn dúró. Ṣììì ti kásẹ́ẹ̀tì ti di ara ohùn tí a gbà, bí a bá ti dá a dúró yóò dákẹ́ pẹ̀lú rẹ̀. Bí a bá gbé ohùn sókè yóò bá a gòkè. Ṣììì kejì kò ka ohùn sí. Bí ohùn lọ sókè, bí ó wá sílẹ̀, ibi tí ó wà ni ó wà. Kọ̀ǹpútà mìíràn a tún máa dán ènìyàn wò: lẹ́yìn tí a bá ti dá ohùn dúró fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, yóò pa àǹpìlífáyà rẹ̀ fúnra rẹ̀ láti fi bátìrì pamọ́, yóò dún ‘kọ́’, gbogbo rẹ̀ yóò sì pa lọ́lọ́. Inú ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ yẹn ni kí a ti tẹ́tí.

Àǹpìlífáyà ni ó ni ṣììì kejì, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré inú kọ̀ǹpútà tàbí fóònù tí ń fún ohùn lágbára kí ó tó dé etí. Kò sí èyí tí kì í dún. Ní 1928, John B. Johnson àti Harry Nyquist, ọmọ Sweden tí àwọn méjèèjì ń ṣiṣẹ́ ní Bell ní Amẹ́ríkà, fi yé ayé pé ohunkóhun tí iná lè gba inú rẹ̀ kọjá, níwọ̀n ìgbà tí ó bá ti ní ìgbóná lára, ohun wẹ́wẹ́ inú rẹ̀ kò ní í yé rìn gbéregbère, ìrìn náà a sì máa di ariwo. Rẹ̀sítọ̀ tí a kò so mọ́ bátìrì kankan ń pariwo tirẹ̀ jẹ́jẹ́. Àǹpìlífáyà fi tirẹ̀ kún un, ó tún wá gbé gbogbo rẹ̀ ga.

Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀, nítorí ìṣirò ni ó ń pa àríyànjiyàn. Ká ní ariwo àǹpìlífáyà kan jẹ́ ìdá 5 nínú mílíọ̀nù kan volt, tí kò burú rárá. Gbé agbohùn ńlá adélórí kan síwájú rẹ̀, tí ìdènà iná rẹ̀ jẹ́ 300 ohm, tí ó ń fún wa ní dẹ́síbẹ̀lì 97 fún ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún watt. Ariwo náà yóò dé etí ní nǹkan bí dẹ́síbẹ̀lì 4 sí ìsàlẹ̀ òdo, òdo sì ni ibi tí etí tí ó jí pépé ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́. Ẹnikẹ́ni kò ní í gbọ́ ọ. Wá gbé íápíìsì tí ìdènà rẹ̀ jẹ́ 16 ohm, tí ó ń fún wa ní dẹ́síbẹ̀lì 110 fún iná kan náà. Ariwo kan náà di dẹ́síbẹ̀lì 22. Nínú iyàrá tí ó dákẹ́ ní òru, ẹni tí kò gbọ́ ọ ni kí ó lọ yẹ etí rẹ̀ wò. Àǹpìlífáyà kò yí padà. Etí tí a fi gbọ́ ọ ni ó yí padà.

Nítorí pé íápíìsì náà mú jù, ìdá méjì tàbí mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ni ọ̀dọ́bìnrin náà lè gbé ohùn kọ̀ǹpútà dé kí ohùn màmá má baà gún un létí. Ohùn màmá wá rẹlẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ariwo dọ́gba. Ọ̀rẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kan gbà á nímọ̀ràn pé kí ó fi rẹ̀sítọ̀ 75 ohm sójú ọ̀nà wáyà ní etí kọ̀ọ̀kan. Ìmọ̀ràn náà ní orísun. Ilé-iṣẹ́ Etymotic Research, tí Mead Killion dá sílẹ̀ ní 1983 ní ìpínlẹ̀ Illinois, ti ta íápíìsì kan tí ó ń jẹ́ ER-4P, tí ìdènà rẹ̀ jẹ́ 27 ohm, àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ER-4S tí tirẹ̀ jẹ́ 100 ohm. Wáyà kan wà tí ó ní rẹ̀sítọ̀ 75 ohm nínú, bí a bá so ó mọ́ P, ìdènà rẹ̀ yóò di bíi ti S, ohùn rẹ̀ yóò sì jọ ti S. Àwọn tí ó ṣe é ló ṣírò rẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ̀rọ ẹyọ kan ṣoṣo ni ó sì wà ní etí kọ̀ọ̀kan.

Ó so ó. Ariwo rọ̀. Ó tún gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì, ó sì gbọ́ ‘ṣá’ ketekete. Inú rẹ̀ dùn. Ó ti gbé fóònù láti pe ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ kí ó tó ṣàkíyèsí pé màmá, nínú ìlà mìíràn, ń sọ pé òun fẹ́ ‘ṣọ̀rọ̀’. Ó fi etí sí àwọn ọ̀rọ̀ yòókù. ‘Ṣùn’. ‘Ìṣìnkú’. Gbogbo s tí màmá ní ti di ṣ.

Ẹni tí ó bá jẹ́ olùkọ́ Yorùbá yóò ti fẹ́ sọ̀rọ̀ níbí pé ẹ̀ka-èdè ni. Lóòótọ́ ni pé ará Ìbàdàn paraku kì í ya s àti ṣ sọ́tọ̀, bí ó bá sì jẹ́ Ìbàdàn ni màmá, kò sí íápíìsì tí ó lè dá ẹjọ́ yìí. Ṣùgbọ́n s ni ará Ìbàdàn ń sọ ṣ dà, kì í sọ s di ṣ. Màmá sì jẹ́ Ẹ̀gbá, tí gbogbo ilé mọ̀ pé ó ń pe méjèèjì bí ó ti yẹ. Wáyà ni ó ń sọ èdè tí kò sí níbì kankan.

Atúnrédíòṣe àgbàlagbà kan ní Kútọ̀ ni ó tú u fún un. Ó ní, “Ọmọ mi, ẹ̀rọ mélòó ló wà ní etí kan?” Ó dáhùn pé, “Mẹ́rin ni wọ́n ní ó jẹ́, bàbá.” Bàbá náà mi orí. Íápíìsì tí ó ní ẹ̀rọ mẹ́rin, tí ọ̀kan ń gbé ohùn tí ó nípọn, tí àwọn yòókù ń gbé àárín àti òkè, ìdènà rẹ̀ kì í jẹ́ iye kan. Ẹyọ nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára páálí, ẹnu ni. Ní àárín ohùn ó lè jẹ́ 60 ohm, ní òkè lọ́hùn-ún níbi tí s ń gbé ó lè já wálẹ̀ sí 10. Bí a bá to 75 ohm síwájú rẹ̀, iná pín ní ìwọ̀n ìdènà: ibi tí íápíìsì ti jẹ́ 60, yóò gba 60 nínú 135, ibi tí ó ti jẹ́ 10, yóò gba 10 nínú 85 péré. Òkè ohùn yóò fi dẹ́síbẹ̀lì 11 àti ààbọ̀ rẹlẹ̀ ju àárín lọ. S tí a gé orí rẹ̀ kúrò, ṣ ni ó ń jọ. Òfin tí Georg Ohm ti Jámánì tẹ̀ jáde ní 1827 ni gbogbo rẹ̀, ó wà nínú ìwé físíìsì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ girama.

Ìdí nìyí tí àwọn onímọ̀ fi ń wí pé ìdènà ohun tí ń fúnni ní iná kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́jọ ìdènà ohun tí ń gbà á. Fún íápíìsì 16 ohm, kò yẹ kí ó ju 2 ohm lọ. Àwọn ẹ̀rọ ńlá àtijọ́ kò tẹ̀lé èyí. Ìlànà àgbáyé kan tí ó jáde ní 1996 tilẹ̀ dá 120 ohm lábàá, nítorí pé agbohùn adélórí tí ó ní ìdènà gíga ni wọ́n rò. Ẹni tí ó bá fi íápíìsì onílù sínú irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ohùn tí yóò gbọ́ kì í ṣe ti ẹni tí ó sọ̀rọ̀.

Ohun tí bàbá náà ṣe kò ju rẹ̀sítọ̀ mẹ́rin lọ, méjì ní etí kọ̀ọ̀kan. Ó fi 15 ohm sójú ọ̀nà, ó sì fi 1 ohm dábùú láàárín wáyà tí ń lọ àti èyí tí ń bọ̀, ní ẹ̀gbẹ́ ibi tí íápíìsì yóò ti wọlé. Ó yẹ kí a dúró díẹ̀ níbí, nítorí pé ibẹ̀ ni ọgbọ́n náà wà. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú iná náà gba inú 1 ohm kọjá. Bíńtín ni ó kù fún íápíìsì. Ohùn àti ariwo àǹpìlífáyà jọ rẹlẹ̀ pẹ̀lú dẹ́síbẹ̀lì bí 24. Lẹ́yìn náà ni a wá gbé ohùn sókè láti inú kọ̀ǹpútà. Ohùn gòkè, ariwo tí kì í ka ohùn sí kò tẹ̀lé e. Lójú íápíìsì, ìdènà ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò tó 1 ohm. Bí tirẹ̀ jẹ́ 60, bí ó jẹ́ 10, ìyàtọ̀ tí yóò hàn kò tó dẹ́síbẹ̀lì kan. Lójú kọ̀ǹpútà sì rèé, bí ohm 16 ni ó ń rí, èyí tí kò pa á lára. Owó rẹ̀ nìkan ni pé bátìrì yóò tètè tán, nítorí pé iná ń ṣòfò sínú rẹ̀sítọ̀. Àwọn ilé-iṣẹ́ ń ta irú èyí ní tútù, nínú páálí tí ó dára. Ohun kan náà ni ó wà nínú wọn.

Ṣììì ti kásẹ́ẹ̀tì kò lọ. Kò sí rẹ̀sítọ̀ tí ó lè mú un lọ. Ṣùgbọ́n ó ku ẹyọ kan dípò méjì, ‘sọ̀rọ̀’ sì padà di ‘sọ̀rọ̀’. Ọ̀dọ́bìnrin náà kò tún kánjú. Ó kọ́kọ́ to àwọn ọ̀rọ̀ tí kò sí iyèméjì nínú wọn sílẹ̀ láti inú kásẹ́ẹ̀tì kan náà, ogún tí ó ní s àti ogún tí ó ní ṣ, ó gbọ́ wọn títí etí rẹ̀ fi mọ bí màmá ṣe ń pe ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú iyàrá náà, ní ọjọ́ náà. Ìgbà náà ni ó tó lọ sí ibi ọ̀tá. Ìgbà mẹ́ta ni màmá wí i. Méjì jẹ́ ‘sá’, kò sí àní-àní. Ẹ̀kẹta, adìyẹ kan ké mọ́ ọn, téèpù sì bo èyí tí ó kù.

Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ gbọ́ ọ pẹ̀lú íápíìsì náà ní ẹ̀ẹ̀mejì láìsọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ni ó ní, “Bàbá wa sá. Wọn ò bá sì má sá, ta ni ìbá bí wa?” Ṣùgbọ́n ó ní kí wọ́n má tíì tún ìwé tẹ̀. Nínú ìwé tí ọ̀dọ́bìnrin náà fi ọwọ́ kọ, ‘sá’ ni ó wà ní ibi méjèèjì. Ní ibi kẹta, ó fi àlàfo sílẹ̀ fún kọ́ńsónáǹtì, ó sì kọ fáwẹ̀lì àti àmì ohùn òkè sórí rẹ̀, nítorí pé ìyẹn kò sọnù.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti wá gba íápíìsì rẹ̀ padà. Wáyà bàbá Kútọ̀ ni ó kù lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì so bébà pélébé kan mọ́ ọn, nítorí pé bí ẹnìkan bá yọ ọ́ kúrò láìtíì rẹ ohùn kọ̀ǹpútà sílẹ̀, dẹ́síbẹ̀lì 24 ni yóò bú mọ́ onítọ̀hún létí lẹ́ẹ̀kan náà. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní dẹ́síbẹ̀lì 80 fún wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ni kí àgbàlagbà má kọjá. Ohun tí ó kọ sára bébà náà ni: “Ẹ rẹ ohùn sílẹ̀ kí ẹ tó yọ mí.”